Ákísù Kọ́ Ni Ó Ṣẹ́

Ẹ̀sùn kan wà tí ó ti pẹ́ tí a ti ń fi kan irin kan, irin náà kò sì ní ẹnu tí yóò fi wí àwíjàre. Ẹ dé oríta Ore, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé. Ẹ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi ìdí jókòó lẹ́bàá títì, tí táyà ẹ̀yìn kan sì ti kúrò ní ipò rẹ̀. Yóò sọ fún yín pé ákísù ni ó ṣẹ́. Bí ẹ bá béèrè ìdí rẹ̀, yóò ní ákísù tí àwọn òyìnbó ń fi sí ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kò lágbára tó, pé ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe, pé wọn kò ro tiwa mọ́ ọn. Mẹkáníìkì yóò mi orí sí i. Èrò ọkọ̀ náà yóò mi orí sí i. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń di òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́.

Èmi ti pinnu láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìlérí ni ákísù tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀, ìlérí náà sì ní ààlà. Ẹni tí ó bá kó ẹrù kọjá ààlà ìlérí, tí ó wá ń pe ẹni tí ó ṣèlérí ní òpùrọ́, òun gan-an ni òpùrọ́. Nígbà tí a bá ń pariwo pé ákísù ni ó ṣẹ́, àṣà kan ni à ń bo àṣírí rẹ̀, àṣà àṣejù tí ó ti mọ́ wa lára dé ibi tí a kò fi mọ̀ ọ́n ní àṣejù mọ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi tilẹ̀ ń rùn bí ọ́ìlì àti gírísì, ọ̀rọ̀ àṣà ni, ó sì yẹ kí ó wà nínú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò wo abẹ́ ọkọ̀ rí. Ákísù ẹ̀yìn ni irin gbọọrọ tí ó gba abẹ́ ìdí ọkọ̀ kọjá láti táyà kan dé èkejì. Àpótí kan wà ní àárín rẹ̀ tí ó yọ bí ikùn aboyún, inú rẹ̀ ni àwọn eyín irin ńlá àti kékeré ti ń bá ara wọn yí nínú ọ́ìlì. Láti inú àpótí yìí ni ọ̀pá irin méjì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù, ti jáde lọ sí ọ̀tún àti sí òsì láti yí táyà. Iṣẹ́ méjì ni irin yìí ń ṣe papọ̀. Ó ń ru ọkọ̀ àti gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ọrùn alárù ti ń ru ẹrù. Ó sì ń gba ipá tí ẹ́ńjìnì fi ń yí táyà. Ẹrù ń wá ọ̀nà láti tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì ń wá ọ̀nà láti lọ́ ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá akẹ́rù, páìpù ìta ni ó ń ru ẹrù, ọ̀pá inú kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó yí táyà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì ń yí táyà ẹ̀yìn wọn, ọ̀pá kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí ṣáàfù ọkọ̀ kékeré bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, táyà lè já bọ́ kí ó máa yí wọ igbó lọ, kí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì máa ké pe Ọlọ́run.

Ipá tí mo ń wí yìí kò kéré. Kí a mú ẹ́ńjìnì kan tí ipá yíyí rẹ̀ jẹ́ 160 ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní newton-metre. Bí awakọ̀ bá wà ní gíà kìíní, gíà yóò sọ ipá yìí di ìlọ́po 3.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín irin inú àpótí ẹ̀yìn yóò tún sọ ọ́ di ìlọ́po bíi mẹ́rin. Ohun tí ó jẹ́ 160 níwájú á ti lé ní 2,200 nígbà tí ó bá dé ẹ̀yìn, àwọn ṣáàfù méjèèjì ni yóò sì pín in ru. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó ń wo iwájú ọkọ̀ nìkan, tí ó ń yin ẹ́ńjìnì pé ó ń ké bí kìnnìún, kò mọ ibi tí ìyà wà.

Bí a bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni ákísù ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ wo ni ó yẹ kí a pè wá jẹ́rìí bí kò ṣe Peugeot 504? Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969, àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù fi í ṣe ọkọ̀ tí ó gbayì jù lọ fún ọdún náà. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ tí ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, àti ọkọ̀ èrò tí ẹni tí ó bá ń kánjú máa ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Bìní. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kenya. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi ẹ̀yà 504 tí ó ní ẹ́ńjìnì alágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ gba ipò kan náà. Ẹni tí ó bá mọ ìdíje Safari ìgbà náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré orí títì dídán. Ẹrọ̀fọ̀ ni, òkúta ni, eruku ni, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ọkọ̀ tí ó bá la ìyẹn já kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ọ̀lẹ ní Ore.

Mo mọ ohun tí alátakò mi yóò sọ. Yóò ní àwọn eléré ìje a máa fún ọkọ̀ wọn lókun kí wọ́n tó gbé e jáde. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ìyókù òtítọ́ náà. Ènìyàn méjì péré ni ó ń wà nínú ọkọ̀ ìje yẹn, ẹni tí ń wa ọkọ̀ àti ẹni tí ń ka ọ̀nà fún un. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń wọ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ìdè àti ọ́ìlì wò, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ohun tí ó bá ti rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ta ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wágọ́ọ̀nù tiwa? Àwọn tí ó ṣe wágọ́ọ̀nù 504 pàápàá ti ro ọ̀rọ̀ ẹrù sí i. Àwọn ẹ̀yà 504 kan wà tí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gbọ̀n lọ́tọ̀. Ti wágọ́ọ̀nù, ákísù gbọọrọ tí kò ní oríkèé ni wọ́n fún un, wọ́n sì fi síprín mẹ́rin gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Ìjókòó ìlà mẹ́ta ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ilé-iṣẹ́ wọn eku, wọ́n sì hun ìtẹ́ tí ó bá a mu.

Kí ni àwa wá ṣe? A mú ìtẹ́ eku, a fi òkété méjì sí i. Ìjókòó tí wọ́n ṣe fún ènìyàn méjì, a ní kí mẹ́ta fún ara wọn. Ènìyàn méjì jókòó ti awakọ̀ níwájú, ọ̀kan gun gíà. Nígbà tí inú kún, a gun orí òrùlé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti àwọn oko Odigbo, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àpò gaàrí, àti ewúrẹ́ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ iná, ó ní òun fẹ́ dé Bìní kí oòrùn tó wọ̀. Kòtò tí ọkọ̀ ìbá rọra wọ̀ kí ó rọra jáde, eré ni ó fi kọlù ú. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń kọlu ohun tí ó bá pàdé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ta ni ó jẹ gbogbo ìyà yìí? Irin abẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí ní òwúrọ̀.

Irin kì í sì í kú lọ́jọ́ kan. Èyí ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹjọ́ tí mo ń rò yìí, àwọn baba òyìnbó náà sì fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́ ọ ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1842, ákísù ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin kan ṣẹ́ nítòsí Versailles ní ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ náà gbiná, ènìyàn tí ó lé ní 50 sì kú. Àwọn ènìyàn ìgbà náà kò mọ ìdí tí irin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìní wàhálà fi lè ṣẹ́ lójijì. Lẹ́yìn náà ni ará Jámánì kan tí ń jẹ́ August Wöhler fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ákísù ọkọ̀ ojú irin wò. Ohun tí ó rí ni pé ẹrù tí kò lè ṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀kan lè ṣẹ́ ẹ bí ó bá ń padà wá lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Lójúmọ́ lójúmọ́ ni ẹrù àpọ̀jù ń la ojú kékeré sára irin. Ojú náà ń jinlẹ̀ sí i, títí irin tí ó kù kò fi ní lè gbé nǹkan kan mọ́. Àwọn baba wa kò ní ilé ìwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n yìí: díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ìta gbangba. Mo ti dúró ní ìsọ̀ mẹkáníìkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti wo ojú ibi tí ṣáàfù ti ṣẹ́, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ máa wò ó. Bí ẹ bá nu gírísì ojú rẹ̀ kúrò, ẹ ó sábà rí i pé ojú náà kò rí bákan náà. Apá kan yóò dúdú, yóò sì jọ̀lọ̀, ó lè ní ilà wẹ́wẹ́ bí ilà tí omi òkun ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn. Apá kejì yóò máa dán, yóò sì rí ṣákaṣàka bí ìrèké tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Apá tí ó dúdú ni ó ti là tipẹ́tipẹ́. Apá tí ń dán ni ó ṣẹ́ lónìí. Nígbà tí awakọ̀ bá wá ń búra pé kòtò tí òun wọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni ó fà á, irin ń jẹ́rìí takò ó: ó ń sọ pé ọjà oṣù tó kọjá wà níbẹ̀, pé àpò gaàrí ti ọdún tó kọjá wà níbẹ̀. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí irin, nítorí a ti ní oògùn tiwa. Oríṣi mẹ́ta ni oògùn náà, kò sì sí ọ̀kan tí ó ń wo àrùn nínú wọn.

Èkíní ni ti ajórin. Ṣáàfù ṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin kí ó jó o pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọ̀pá yìí ti fi iná àti ìtutù sọ ara rẹ̀ di líle ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Iná ajórin sì ń ba ìwọ̀n náà jẹ́ ní àyíká ojú ibi tí ó bá jó. Ó fi ibì kan sílẹ̀ tí ó gan ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi ibòmíràn sílẹ̀ tí ó rọ̀ jù. Ọkọ̀ á rìn. Á dé Oǹdó, bóyá á dé Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà, wọn á tún sọ pé ákísù ilé-iṣẹ́ kò dára.

Èkejì ni ti síprín. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń wọ́lẹ̀, wọ́n fi ewé síprín kún un, tàbí kí wọ́n ki rọ́bà sí i kí ẹ̀yìn lè ga. Ẹ jẹ́ kí a ronú. Síprín ń gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ákísù ni. Kò fi ohunkóhun kún agbára ákísù. Ìdí tí ó wọ́lẹ̀ ni ẹnu kan ṣoṣo tí ọkọ̀ fi ń wí fún wa pé ẹrù ti pọ̀ jù. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ọwọ́ di ẹnu náà. Ẹrù pọ̀ sí i, ìdí kò wọ́lẹ̀ mọ́, ọlọ́kọ̀ sì rò pé ọkọ̀ òun ti di akin.

Ẹ̀kẹta ni oògùn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn eré. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnì tí ilé-iṣẹ́ ṣe, wọ́n fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ sí ipò rẹ̀, wọ́n wọ táyà fífẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ákísù àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí ó wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ àríyànjiyàn yìí dáadáa. Ọkọ̀ eléré kan wà lọ́dọ̀ wọn tí ń jẹ́ Camaro. Eyín irin ńlá tí ó wà nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 kò fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́jọ, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn láàárín wọn pé kì í pẹ́ fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, a ó gbọ́ pé ẹni tí ó fi táyà ilé-iṣẹ́ sí i, tí ó ń fi í lọ sí ibi iṣẹ́, ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún; ẹni tí ó fọ́ ọ ni ẹni tí ó fi ipá kún ẹ́ńjìnì, tí ó ra táyà eré ìje tí ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àtè, tí ó sì fò kúrò lójú ìlà bí ọta ìbọn. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Táyà tí ó bá yọ̀ kò lè ṣẹ́ ṣáàfù, nítorí ipá ti sá gba ibòmíràn. Ohun tí ó bá mú kí táyà di ilẹ̀ mú ni ó ń jẹ́ kí ipá dé ara irin ní kíkún.

Ní Ore, a kò nílò táyà eré ìje, nítorí ẹrù tí a kó lé ọkọ̀ ni ó ń lẹ táyà mọ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wo wágọ́ọ̀nù tí ó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ní ọ̀nà oko kan ní agbègbè Odigbo: táyà ń yí lásán, awakọ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò, lójijì táyà náà bá òkúta pàdé. Gbogbo ipá tí ń ṣòfò dúró lẹ́ẹ̀kan náà sára ọ̀pá tí kò nípọn púpọ̀ ju ọmọrí odó lọ. Kí ni ènìyàn ń retí?

Mo gbà pé ọ̀nà náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ni ó ba ọ̀nà jẹ́? Láti 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò ńlá kan ní Illinois, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ẹrù lórí àwọn títì tí wọ́n dìídì ṣe, kí wọ́n lè mọ ohun tí ń ba títì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí yẹ kí a kọ sí gbogbo gáréèjì wa: ìbàjẹ́ tí ákísù kan ń ṣe fún títì kì í dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀. Bí ìwúwo orí ákísù bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ á di nǹkan bí ìlọ́po 16. Bí a bá fi ìlàjì kún un péré, ìbàjẹ́ á di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ọkọ̀ kékeré kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ba títì jẹ́ rárá. Àwọn tírélà tí ó ru ìlọ́po ẹrù wọn ni, àwọn ọkọ̀ epo ni, àwọn agbégilódò ni, tí ń ti inú igbó jáde pẹ̀lú ìtì igi tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.

Ní 2007, Diezani Alison-Madueke, tí ó jẹ́ mínísítà ìrìnnà nígbà náà, dé ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní, ó rí bí ó ti bàjẹ́ tó, ó sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Èmi kò fi omijé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí ó sì yẹ kí ojú wa rí ni ìwúwo orí ákísù tí ń kọjá níwájú wa. Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà nínú ECOWAS ti fi ọwọ́ sí òfin kan ní 2012 lórí ìwúwo ákísù ọkọ̀ ẹrù. Òfin kò sọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí yóò dúró ti òṣùwọ̀n ni ó sọ̀wọ́n. Kí ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí po: ákísù tí a fi ẹrù pa lára jù ni ó pa títì, títì tí ó ti kú ni ó wá pa ákísù aláìṣẹ̀. Àwa tí a kó ẹrù sì wà lẹ́bàá ọ̀nà, a ń fi ìka tọ́ ilẹ̀ Faransé.

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju ìyókù lọ, n kò sì gbọdọ̀ fò ó. Awakọ̀ lè sọ fún mi pé: “Bàbá, bí mo bá gbé iye èrò tí ilé-iṣẹ́ wí, kí ni n ó jẹ? Mo gbọ́dọ̀ dá owó fún ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn agbèrò ń dúró dè mí. Epo ti wọ́n. Èrò kan tí mo fi kún un ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa ni. Ohun tí mo ní láti fi dá a lóhùn ni pé owó tí ó rò pé òun jẹ lórí èrò yẹn, ọwọ́ ákísù ni ó ti yá a, ákísù kì í sì í dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí yóò bá gba owó rẹ̀, kì í gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tí ó wà ní ilé rẹ̀ ní Èkó. Lára awakọ̀ ni yóò ti gbà á, àti lára ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ìlà kẹta. Bí ẹjọ́ bá sì wà láti dá, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí kò ní. Kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ọlọ́kọ̀ tí ó dá iye owó tí ẹrù tí ó tọ́ kò lè pa. Kí a bẹ̀rẹ̀ lórí àwa tí a mọ̀wé, tí a mọ ìṣirò, tí a sì ń sún jókòó kí ẹni kẹrin lè wọlé, nítorí a kò fẹ́ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Lónìí, 504 kò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ọ̀nà mọ́. Toyota Hiace àti Sienna ni ó gba gáréèjì. Ẹ̀sùn náà kò yí padà. Wọ́n ti ń sọ nípa Sienna pé ìdí rẹ̀ kò lágbára. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sienna tí ó wà níbí, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí. Irin tí ó wà lẹ́yìn wọn kò ní iṣẹ́ kankan ju kí ó ru ẹrù. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá wá tẹ̀, tí ẹ́ńjìnì kankan kò lọ́ ọ, ta ni ó kù tí a ó dì í rù bí kò ṣe ẹni tí ó kó ẹrù?

Àṣà wa kò kọ́ wa báyìí. Nígbà tí ìyá wa bá fẹ́ gbé ẹrù, òṣùká ni ó kọ́kọ́ ń ká. Kì í ṣe pé òṣùká ń dín ẹrù kù. Ó ń rántí orí tí yóò gbé e ni. Bí wọ́n bá sì ń gbé ẹrù ru ọmọdé, àgbà a máa fi ọwọ́ gbé e wò kí ó tó gbé e lé e lórí, a sì máa béèrè pé, “Ṣé o lè gbé e?” Ìbéèrè kékeré yẹn ni gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá di ẹrù tí ó ju ọmọ lọ ru ọmọ, tí ọmọ wá ṣubú, a kì í bú ọrùn ọmọ níbẹ̀. Ẹni tí ó di ẹrù ni à ń bá wí.

Ògún pàápàá, tí àwọn onímọ́tò ń pa ajá fún, tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sára táyà nítorí rẹ̀, ẹni tí ó ni irin ni. N kò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó lè ra ajá kò lè ra ọ́ìlì àpótí ẹ̀yìn. Bí a bá gbà pé irin ní olúwa, ṣé kò yẹ kí a gbà pé olúwa irin lè bínú nítorí irin tí a fi ṣẹ́rú? Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kò jẹ́ fi ọkọ́ la igi. Wọ́n mọ̀ pé irin kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá sọ ọkọ́ di àáké ti bú ẹni tí ó rọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Kí ọlọ́kọ̀ ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀, kí ó mọ iye ẹrù tí wọ́n ní kí ó ru, kí ó sì dá iye owó tí ẹrù náà lè pa. Kí mẹkáníìkì fi ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ han ẹni tí ó ni ọkọ̀, kí ó sọ òtítọ́ fún un nípa apá tí ó dúdú. Kí ìjọba fi òṣùwọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ sí oríta Ore, kí ó sì fi ẹni tí kò lè gba rìbá dúró tì í. Kí èrò tí wọ́n bá sọ fún pé “ẹ fún ara yín” sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú wọn, kí ó ṣáà panu mọ́ lọ́jọ́ tí táyà bá já, kí ó má ṣe fi ẹ̀sùn kan irin. Irin ru ohun tí ó ṣèlérí láti ru, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ohun tí kò ṣèlérí. Ìwọ̀n ni ó ṣẹ́ láàárín wa, tipẹ́tipẹ́, kí ákísù tó tẹ̀lé e.